Ta Ló Ya Ilé Yìí?

Àǹtí Ata ni àwọn òbí máa ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, kò sì dùn mí rárá, torí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, tí iye wọn lé ní ogún, nínú yàrá kan, tí kò bá ní ata díẹ̀ lẹ́nu, wọn á fi òun náà ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá gba ipò mi fún ọjọ́ kan péré.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni fáìlì tí wọn kò tọ́jú bó ṣe yẹ. Ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tiwa, gbogbo ọmọ ló ní fáìlì tirẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń mú iṣẹ́ kan tí ọmọ ṣe, ìbáà jẹ́ àwòrán, ìbáà jẹ́ bébà tó fi sísọ́ọ̀sì gé ségesège. A ó kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, a ó kọ ohun tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ bóyá ó dá a ṣe ni àbí a ràn án lọ́wọ́. Tí ọdún bá fi máa parí, tí ẹ bá ṣí fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó rí ọmọ tó ń dàgbà lójú yín. Èyí tó kàn ń fa ìlà wúruwùru nígbà tó dé á ti máa ya èèyàn tó ní ojú àti ẹsẹ̀, bí kò tiẹ̀ ní ikùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tí inú mi bá bàjẹ́, fáìlì ọmọ ni mo máa ń ṣí wò.

Sáà tó kẹ́yìn nínú ọdún ni wọ́n gbé kíláàsì náà fún mi, nígbà tí tíṣà tó ni ín lọ bímọ. Ìyá Ẹ̀rọ̀ ni mo bá níbẹ̀. Òun ni olùrànlọ́wọ́ kíláàsì, àgbàlagbà obìnrin tó tó ìyá tó bí mi. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Ọmọ tó bá ń ké, á kàn gbé e lé ẹsẹ̀, ẹkún á dá. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tirẹ̀, ibẹ̀ la sì máa ń kó àwọn ọmọ mẹ́rin tí ọwọ́ wọn kò tíì yá sí.

Alàgbà wà lára àwọn mẹ́rin yẹn. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń fẹsọ̀ rìn, tí á káwọ́ sẹ́yìn, tí á sì máa mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ parí ìjà fún wa. Ọmọ náà gbọ́n bí nǹkan míì. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ̀yin ló máa rẹ̀, kò ní í rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò gbọ́ràn. Ṣíbí á bọ́, bọ́tìnì á kọ̀ tí kò ní í wọlé, kíréyọ̀n á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà ẹ̀yìn ilé ìwé, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Òun ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ló sì júwe ilé ìtọ́jú kan fún un, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́ ọwọ́ ọmọdé bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Àyè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, àwọn tó sì ń wá a kò kéré. Obìnrin olùyẹ̀wò kan ló máa wá sí ilé ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì, á wo fáìlì Alàgbà, á wo ọmọ fúnra rẹ̀ díẹ̀, á sì sọ bóyá àyè náà á jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá rí i gbà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ló sì máa wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọn kì í ti í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo jókòó láti tún fáìlì rẹ̀ tò. Mo ṣí i. Ilé kan ló kọ́kọ́ jáde, ilé mèremère, òrùlé pupa, fèrèsé méjì, kọ́tìnnì sì wà lójú fèrèsé, tí wọ́n fi okùn dì láàárín. Mo ní, "Háà!" Ọmọ tí kò lè mú ṣíbí! Mo ṣí fáìlì ọmọbìnrin tó máa ń jókòó tì í. Ilé ló wà níbẹ̀, òrùlé pupa, kọ́tìnnì. Mo ṣí ẹ̀kẹta, mo ṣí ẹ̀kẹrin, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Èyí kì í ṣe fáìlì mọ́, ó ti di ẹ̀sítéètì, kọntirakítọ̀ kan náà ló sì kọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ̀ ń nu tábìlì lápá kejì. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ta ló ya ilé yìí?"

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Alàgbà ni. Ó dáa, àbí?"

"Èyí ńkọ́? Èyí náà ńkọ́? Màmá, ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin wo lẹ mọ̀ tó ń fi okùn di kọ́tìnnì?"

Ó fi ìka tọ kọ́tìnnì náà. Ó wá ní, "Mo kàn di ọwọ́ wọn mú ni. Ìwọ náà wò ó, tí àwọn yòókù bá ti ń ya tiwọn, kíréyọ̀n àwọn tèmi yìí á kàn máa já bọ́. Ojú á tì wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti di ọwọ́ wọn mú, inú wọn á dùn, wọ́n á rí nǹkan mú relé. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Kí ló burú? Màmá, lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin yẹn á ṣí fáìlì yìí, á rí kọ́tìnnì, á ní ọmọ tó lè ya irú èyí, kí ló ń wá lọ́dọ̀ àwọn? Á gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Àánú tí ẹ ṣe é ló máa gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́!"

Mo pariwo, n kò ní parọ́. Ìyá Ẹ̀rọ̀ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré yẹn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, àkísà tó fi ń nu tábìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ó sì tún ń bí mi nínú, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn láti bá èèyàn burúkú jà. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ dénú, báwo lèèyàn ṣe ń bá a jà?

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́," ló ní.

Mo ní kò sẹ́ni tó máa lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe ẹni tó gbà á síṣẹ́. Mo yí àwọn bébà náà dà. Déètì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ẹni tó ṣe é sí ṣófo. Mo na báírò sí i, mo ní kó kọ òótọ́ síbẹ̀, látorí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó kọ ọ́. *Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.* Nígbà tó fi máa parí, ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ bébà.

Ó wá ku ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe tú ilé ìwé ká, mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó ń fọ irun fún oníbàárà kan, òmíràn sì wà lábẹ́ díráyà. Ó rí mi nínú dígí, ó ké, "Àǹtí! Ẹ̀yin náà lẹ wá lónìí? Irun yín yìí ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí o!" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Àwòrán ló wà yí etí dígí náà ká, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ni òrùlé pupa.

Nígbà tó ráyè, a jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi oyin sínú ọ̀rọ̀, mo kàn sọ ọ́ ni.

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Àǹtí, èmi ni mò ń bá a di bọ́tìnì láràárọ̀. Ọmọ tí kò lè di bọ́tìnì, ṣé kọ́tìnnì ló máa wá dì?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ibi tó ń lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ọmọ yìí kiri, ohun tí kò lè ṣe nìkan ni wọ́n ń sọ fún mi. Kò lè ṣe tibí, kò lè ṣe tọ̀hún. Ilé yìí nìkan ló wọlé wá tó dùn ún wò. Ìyá ọkọ mi wá, mo fi hàn án, ó ní ọmọ yìí ló máa kọ́lé fún àwọn. Ṣé kí n ní kì í ṣe òun ló yà á?"

Ẹ̀yin èèyàn, mo wo àwọn òrùlé pupa yẹn láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí mo ti múra sílẹ̀ láti ilé ìwé kò wúlò mọ́. Mo ní ó kàn yẹ kó mọ̀ ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ni.

"Mo fẹ́ àyè yẹn ju ilé lọ," ló ní. "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, a jókòó yí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ká: olùyẹ̀wò, èmi, Alàgbà, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti Ìyá Ẹ̀rọ̀ ní ìkángun pátápátá bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Olùyẹ̀wò náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fáìlì. Ó wo iwájú bébà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún mú òmíràn. Nígbà tó yá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Déètì yìí ti pẹ́, wọn kò kọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, yíǹkì kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tuntun. Ìgbà wo lẹ kọ ọ́?"

"Lọ́jọ́ Ajé," ni mo wí.

Ó mirí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé àyè kan ló kù, ọmọ tó lè ṣe nǹkan á wá di ọmọ tí kò lè ṣe é. Mo ti rí i títí."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà! Irọ́ wà nínú fáìlì yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ọjọ́ tí a wá sọ òótọ́ ni wọ́n ń pè wá ní òpùrọ́. Mo ti ń dìde. "Ẹ dákun, ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé..." Ìyá Alàgbà fa aṣọ mi lábẹ́ tábìlì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run." Mo jókòó. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti gbà pé àyè náà ti lọ.

Olùyẹ̀wò tẹ́ bébà funfun kan síwájú ọmọ náà, ó fi kíréyọ̀n pupa lé e lọ́wọ́. "Wọ́n ní ìwọ lo mọ ilé yà. Ya ọ̀kan fún mi."

Alàgbà mirí bí àgbà. Ó fi gbogbo ọwọ́ gbá kíréyọ̀n náà mú. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ náà jáde, ó nà án kọjá níwájú ìyá rẹ̀, ó nà án sí Ìyá Ẹ̀rọ̀ ní ìkángun tábìlì, ó sì ń dúró. Ojú kò tì í, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń dúró bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa tó ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ìyá Ẹ̀rọ̀ ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e.

"Màmá, ọwọ́ yín dà?" ni ọmọ náà wí. "A fẹ́ ya ilé."

"Dá a yà, ọkọ mi," ni Ìyá Ẹ̀rọ̀ wí.

Alàgbà ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i tó ń rò ó, ó lejú. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a yà?"

Ó dùn mí dé egungun. Olùyẹ̀wò náà wo ọwọ́ kékeré tó wà lókè yẹn títí, ó pa fáìlì dé, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Àyè náà tirẹ̀ ni," ló ní. "Ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ."

Ìyá Alàgbà bú sẹ́kún. Mo kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni, mo ti fẹ́ máa bá a yọ̀. Ó mirí. "Ẹ ò rí i ni, Àǹtí? Èmi ni mo jókòó tì í. Èmi tí mo bí i. Ó na ọwọ́ kọjá mi."

Ni Ìyá Ẹ̀rọ̀ bá dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀, arúgbó fún ẹni tó lè bí. Ìyá Alàgbà sáré dì í mú léjìká. "Èèwọ̀! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá."

"Mo ba ọmọ rẹ jẹ́."

"Ẹ ò bà á jẹ́. Ẹ dì í mú pẹ́ jù ni." Ó fa imú, ó nu ojú. "Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́ta la jọ ń lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń kọ́ òun láti dá a ṣe, kí wọ́n máa kọ́ èmi àti ẹ̀yin láti fọwọ́ lẹ́rán."

Ìyá Ẹ̀rọ̀ ní òun á kọ́ ọ. Ó ní ó máa le fún òun o, ṣùgbọ́n òun á kọ́ ọ.