Orúkọ Tó Wà Lórí Iṣẹ́ Náà

Ẹ má bá mi pe Sofiullahi ní olè o. Èèyàn dáadáa ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, bàbá ọmọ mẹ́ta, tó fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ n'Íbàdàn, tó wá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní college kan ní Calgary láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Study permit rẹ̀ ló gbé gbogbo ilé dúró. Bó bá fìdí rẹmi, Idiat ìyàwó rẹ̀ ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ ní hospital tó wà ní Seton, PR, ìwé ìgbélùú títí ayé tí wọ́n ń retí, á sì di àlá.

Nínú course tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí wọ́n pín ara wọn sí team, kí team kọ̀ọ̀kan kọ app kan. Mẹ́rin ni wọ́n nínú team tiẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó méjì inú wọn fi course náà sílẹ̀. Ó wá ku òun àti Mardiyah, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún láti Ìwó, ọmọ tí orí rẹ̀ pé pérépéré. Mardiyah náà ní ìṣòro tiẹ̀. Àìsàn ti jẹ́ kó fìdí rẹmi ní term kan, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé tó bá tún fìdí rẹmi nínú course kan ṣoṣo, ilé yá.

Ní January, ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níbi tó ti ń sáré bá train, laptop rẹ̀ sì fọ́. Sofiullahi ló yá a ní laptop tiẹ̀ kan tó wà nílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé èèyàn dáadáa ni? Láti ọjọ́ náà, gbogbo Saturday ni Mardiyah ń wá sí basement wọn ní McKenzie Towne. Idiat á gbé oúnjẹ fún un, àwọn ọmọ á máa da English bò ó, òun á sì máa kọ kóòdù. Sofiullahi á jókòó tì í, á máa mi orí, á máa ní, "O ṣé, àbúrò mi."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí laptop yẹn, orúkọ Sofiullahi ló ń gbé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Mardiyah ti rí i. Ìlà méjì péré ló fẹ́ tẹ̀ tí orúkọ á fi yí padà. Ṣùgbọ́n ta ló máa yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kúrò lórí nǹkan ẹ̀gbọ́n láìgbàṣẹ? Ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi orúkọ tèmi síbẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo bá ṣe?"

Sofiullahi rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti fẹ́ lé mi jáde nílé mi ni?"

Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Mardiyah, kíá ló ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀." Kò sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi parí iṣẹ́. Sofiullahi náà ò sọ ọ́. Ó sì mọ̀, ẹ gbọ́ mi, ó mọ̀ dáadáa.

Ní April, olùkọ́ wọn, Dr. Friesen, kéde pé òun ò ní fún gbogbo team ní máàkì kan náà mọ́, torí àwọn ọ̀lẹ ti pọ̀ jù. Òun á wo àkọsílẹ̀ ẹni tó fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, òun á sì pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ṣàlàyé. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà. Kò kàn fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ni.

Ẹ̀rù ba Sofiullahi débi pé kò lè jẹun. Ta ló gbà á sílẹ̀? Mardiyah ni. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó tì í ní library, tó ń tú kóòdù náà palẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ilé kéú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ," ni á máa wí, ẹ̀gbọ́n á sì tún un sọ.

Nígbà tó kan wọn, Sofiullahi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Dr. Friesen wá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lórúkọ Sofiullahi, mẹ́rin péré ló wà lórúkọ Mardiyah.

"Ẹ̀yin méjèèjì kọ ọ́ sínú form tí mo fún yín pé ìdajì-ìdajì lẹ ṣe," ni obìnrin náà wí. "Mo rò pé àánú rẹ̀ ló ṣe yín. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ni Mardiyah ṣe gan-an?"

Gbólóhùn kan ló kù kó sọ: òun ló ni laptop, Mardiyah ló ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́kànlélọ́gọ́ta bá di ti Mardiyah, kí ló kù fún òun? Òdo. Ó ronú kan Idiat nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ronú kan àwọn ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù ní airport.

"Ó gbìyànjú," ló wí. "Ó gbìyànjú gan-an."

Dr. Friesen kọ ọ́ sílẹ̀.

Mardiyah ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí ibi password yẹn nínú kóòdù?"

"Mo rántí."

"Alhamdulillahi." Inú rẹ̀ dùn dénú. Ó tún hijab rẹ̀ ṣe, ó wọlé. Sofiullahi ò dúró dè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà nínú mọ́tò níta hospital ní Seton, ó ń dúró de Idiat, nígbà tí ọ̀rọ̀ Mardiyah wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Dr. Friesen ní àlàyé tiyín ni mo sọ láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Wọ́n ní màá fìdí rẹmi. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí ẹ kọ ìlà kan péré láti fi jẹ́rìí, ó pẹ́ tán Friday. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, màá bá yín bẹ̀ wọ́n kó má ba tiyín jẹ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Idiat ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó bi í pé ta ni.

"Mardiyah ni. Ó ní ká fi òun sádùúrà."

"Ọmọ dáadáa," ni Idiat wí. "Sọ fún un kó wá jẹun ní Saturday."

Sofiullahi tẹ èsì: "Ọlọ́hun á bá ẹ ṣe é, àbúrò mi."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ìdáhùn fi dé. "Àmín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé gan-an. Ọkàn mi ti balẹ̀." Mardiyah rò pé ẹ̀gbọ́n ti gbà láti kọ ọ́ ni. Friday dé, Friday lọ, Sofiullahi ò kọ ìlà kankan.