Páìpù Tí Kò Sí Nínú Bàlúù

Bí ẹ bá rí obìnrin náà nídìí tábìlì, ẹ ó rò pé eyín ló ń mọ. Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn: eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn dókítà eyín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, àwòṣe bàlúù ológun kékeré kan tó ń tò pọ̀ ló máa ń wà lórí tábìlì ọ̀hún, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á sì jókòó tì í.

Ojúlówó irú bàlúù yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n ń tún ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, wọn kì í jáde mọ́, àfi kí wọ́n wá ran àbúrò wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń da obìnrin náà láàmú nìyí. Bí bàlúù bá parí, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò tún máa wá ṣe?

Iṣẹ́ náà kò kúkú kéré. Àga awakọ̀ tó bá bàlúù wá nínú páálí rí ṣákálá bí odó, ló bá sọ ọ́ nù, ó ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ pé kìkì àga inú irú bàlúù kékeré báyìí ni wọ́n ń ṣe. Bébà fàdákà ẹnu agolo mílíìkì ló gé ṣe bẹ́líìtì. Wáyà tín-ín-rín ló fi ṣe páìpù inú ihò tí táyà ń ká sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, tó ku kí ó lẹ ìhà méjèèjì ara bàlúù pọ̀, àyà rẹ̀ já. Ló bá fi páìpù kan kún un. Nígbà tó yá, ó tún “rántí” òmíràn. Irọ́ funfun báláú ni. Ẹ̀gbọ́n kò sì ráhùn, wọ́n ń bá a gé wáyà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Bọ̀dá, ó dà bíi pé páìpù kan tún máa ń gba ẹ̀yìn àga yìí kọjá.”

Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wo inú bàlúù títí. Wọ́n mú ẹ̀mú kékeré, wọ́n yọ páìpù kan, wọ́n yọ èkejì, wọ́n ń tò wọ́n sínú àwo.

“Èyí ò sí ńbẹ̀. Èyí náà ò sí ńbẹ̀. Bàlúù wo ló ń gbé páìpù tó báyìí? Ṣé omi ẹ̀rọ ló fẹ́ máa pín kiri ni?”

Obìnrin náà kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

“Ẹ ti mọ̀ tipẹ́?”

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń tú u palẹ̀, ọmọ ìyá mi.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń gé wáyà fún mi nígbà náà?”

“Mo rò pé tí mo bá sọ, o ò ní pè mí mọ́.”

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù sí etí bàlúù, wọ́n pa ìhà méjèèjì dé, wọ́n sì dì í mú kí ó lè gbẹ. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe obìnrin náà.

“Sátidé tó ń bọ̀,” ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè, “má wáṣẹ́ kankan fún mi. Ṣá ti sọ pé kí n máa bọ̀.”

“Ẹ máa bọ̀, Bọ̀dá mi,” ló dáhùn lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì tíì dìde láti lọ.