Háípò Abẹ́ Páànù

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni fíìmù máa ń lò nínú oògùn àkọ́kọ́. Méje ti lọ kí n tó ṣí ìgò háípò, oògùn kejì. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló jáde sí mi.

Bàbá àgbà mi, Alhaji Fàsásì, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ló ni yàrá òkùnkùn tí a wà, lẹ́yìn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò àwọn atukọ̀ Àpápá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò lọ síbòmíì. Ojú wọn ń kú lọ báyìí. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ọjọ́bọ̀, dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí kò bá bọ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lójú náà lè lọ. Ọjọ́ Ajé la wà.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi sọ kámẹ́rà àtijọ́ wọn kalẹ̀ lára ìṣó. Fíìmù kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀. Màmá mi, Rekiat, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ni wọ́n yà sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Bàbá ò ní ọkàn àtifọ̀ ọ́. Lọ́dún kejì, omi ya wọlé, ó ba gbogbo álíbọ́ọ̀mù jẹ́. Kò wá sí àwòrán Màmá kankan mọ́, àfi èyí tó wà nínú kámẹ́rà. Èmi ò mọ ojú Màmá mi. Bàbá sì fẹ́ rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Láti ọdún omi yẹn, ohun pàtàkì kankan kì í sùn nílẹ̀ nílé wa. Ìwé ilé, Kùránì, àpò ìrẹsì, háípò: òkè àjà ni gbogbo wọn ń gbé, lábẹ́ páànù. Bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe nìyẹn. A sá fún omi, a ò rántí oòrùn. Háípò ló máa ń mú kí àwòrán dúró lára fíìmù kí ìmọ́lẹ̀ má bàa jẹ ẹ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ ooru. Ibi tútù ló fẹ́, nínú ìgò tó kún dé ọrùn, tí ìdérí rẹ̀ le. Bí a bá tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, oṣù díẹ̀ ló ń lò lẹ́yìn tí a bá ti pò ó. Èyí ti lo ọdún kan àtààbọ̀ lábẹ́ páànù, kò sì ju ìdajì ìgò lọ. Fíìmù ti wà nínú táńkì oníbòrí tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, a sì ti ṣí fèrèsé, ni mo bá gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti bi Bàbá léèrè láàárọ̀, wọ́n ní ó dáa, àwọn làwọn pò ó. Nílé wa, bí àgbà bá ti ní nǹkan dáa, ẹni tó bá tún lọ ṣí i wò ti fẹ́ pe àgbà ní òpùrọ́. Imú Bàbá sì ti kú sí oògùn tipẹ́. Òórùn yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Mo gé etí fíìmù òfìfo kan, mo jù ú sínú abọ́, mo da díẹ̀ lára háípò náà lé e. Bí háípò bá yè, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí fíìmù á fi mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ìṣẹ́jú méjì pé. Ó ṣì funfun bíi wàrà.

Bàbá ní ó ti tó. Wọn ò wo aago, ọkàn ni wọ́n fi ń kà á. Mo da oògùn àkọ́kọ́ nù, mo bu omi sí táńkì. Wọ́n ní kí n da háípò sí i. Mo dúró.

“Láyọ̀, etí ẹ di ni? Da á sí i.”

“Mi ò ní dà á, Bàbá.”

N kò tíì sọ irú ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí ohùn ti wá.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní háípò náà ti kú, pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú Màmá, pé ìmọ́lẹ̀ á jẹ fíìmù náà tá a bá yọ ọ́. Bàbá ní àwọn ti ń po háípò kí ìyá ìyá mi tó wọlé ọkọ, àwọn ò sì rí èyí tó kú rí. Wọ́n ní ẹ̀rù Ọjọ́bọ̀ ló ń bà mí. “Tèmi sì ni ẹ̀rù yẹn. Má yá a lò.”

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni omi. Nínú ooru yìí, bí fíìmù bá pẹ́ nínú omi, ara rẹ̀ á rọ̀, àwòrán á sì bó kúrò bí èèpo iṣu sísè. Mo wá rántí Àǹtí Ifunanya, tó ń fọ ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Malu Road. Irú háípò kan náà ni wọ́n ń lò.

Mo gbé táńkì lé Bàbá lọ́wọ́. Mo kó omi tútù inú ọ̀rá mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n máa fi pààrọ̀ èyí tó wà nínú rẹ̀ láti ẹnu ihò orí rẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣí ìdérí. Ìgò burúkú yẹn wà lẹ́sẹ̀ wọn, mi ò sì tó ẹni tó ń gbé e kúrò níwájú wọn. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ ò lè kọjá láàárín àwọn tírélà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń sáré lẹ́bàá táyà tó ga jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí ọwọ́ Bàbá lọ́kàn mi, tí wọ́n ń fi tá ilẹ̀ wá ìgò náà.

Àǹtí Ifunanya ń jẹ gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ro ẹjọ́ mi tán kí n tó kí wọn.

“Ehn-ehn! Ìwọ tí kì í lè wojú èèyàn. Òní lo rí ẹnu?” Ẹ̀rín tí wọ́n fẹ́ rín dúró nígbà tí wọ́n rí ojú mi. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù kékeré kan jáde látinú yàrá tútù. Wọ́n ti kọ déètì sí i lára. “Friday ni mo pò ó. Oya, má dúró kí mi.”

Nígbà tí mo padà wọlé, ìgò àtijọ́ náà ti dùbúlẹ̀, ó ṣófo. Táńkì wà láàárín ẹsẹ̀ Bàbá.

“Bàbá, ẹ ti dà á sí i?”

“Gọ́tà ni mo dà á sí.” Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Etí fíìmù tí mo fi dánwò ló wà níbẹ̀. “Mo gbé e sójú fèrèsé. Ojú mi ò tíì fọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi ní mọ funfun.”

Mo gé òmíràn, mo tì í bọ inú háípò tuntun. Kí n tó ka àádọ́ta, ó ti mọ́. Nígbà náà ni mo tó dà á sí táńkì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí táńkì, mo fa fíìmù jáde.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán náà ti di èéfín. Ooru ọdún púpọ̀ ti jẹ wọ́n. Mo ń fà á lọ, mo ń wò ó, kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, títí tó fi ku mẹ́ta ní ìparí. Obìnrin kan jókòó lórí àga, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Mo gbé e sójú Bàbá. Wọ́n wò ó pẹ́ títí, wọ́n sì mi orí. Ó ti kéré jù fún ojú wọn.

“Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.” Mo tún wò ó. “Ojú ọ̀tún wọn dì díẹ̀.”

“Òsì ni.” Bàbá na ọwọ́ sí fíìmù náà. “Òsì ló máa ń dì tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn fíìmù lo dojú kọ, ló fi dà bí ọ̀tún. Yí i padà.”

Mo yí i padà.