Ó Ní Kí N Lọ

1.

…nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹnì kan "denied," ẹ ti sọ pé ó sẹ́. Tí ẹ bá ní ó "advised," ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó gbà nímọ̀ràn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò tó kẹ́ ẹ sọ ohun tí onítọ̀hún wí. Ẹ sọ irú ẹnu tó fi wí i.

Báyìí ni Tíṣà sọ. Onídìrí jókòó síwájú pátá. Ọwọ́ tó ń dirun fọ́mọ tó ń sunkún kì í gbọ̀n nídìí báírò.

2.

ÌKÉDE LẸ́NU ILẸ̀KÙN

GẸ̀Ẹ́SÌ FÁWỌN ÀGBÀ. TỌKỌTAYA LÈ JỌ WÁ.
ẸNI TÓ BÁ FẸ́ JÀ, KÓ FI GẸ̀Ẹ́SÌ JÀ.

3.

Ẹgbẹ́ eléré kan ní kí Onídìrí wá máa bá àwọn kiri fún ọdún kan, láti ìlú dé ìlú, kó máa ṣe irun àwọn òṣèré. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, ní ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà ń fági lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Lọ."

Ìfági ò dúró.

4.

IṢẸ́ KÍLÁÀSÌ: Ẹ kọ ohun tẹ́nì kan sọ fún yín.

~~My husband ordered me to go.~~ Àṣẹ nìyẹn.

~~My husband allowed me to go.~~ Ìyọ̀ǹda nìyẹn.

~~My husband dared me to go.~~ Ìyẹn ni "lọ ná, o óò rí mi."

Ó ní kí n lọ.

5.

TÍṢÀ: Mà, Gẹ̀ẹ́sì là ń kọ.

ONÍDÌRÍ: Tíṣà, ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ẹ bi í.

(Ẹ̀rín.)

KÁFÍŃTÀ: Ìyá wọn, ṣé ibí ló yẹ ká ti sọ ọ́?

ONÍDÌRÍ: Bàbá wọn, ní ṣọ́ọ̀bù, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ fún mi. Mo mọṣẹ́ mi, ẹ̀rù ìrìn ò bà mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ irú "lọ" tí mò ń gbé lọ.

6.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

7.

KÁFÍŃTÀ: "Dúró" ló kún ẹnu mi. Àmọ́ mo ti gbọ́ ohùn ayọ̀ ẹ kí n tó rí ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn. Ta ni màá jẹ́ tí mo bá pa á? Mo ní kó o lọ. Mi ò lè wo ojú ẹ sọ ọ́ ni.

ONÍDÌRÍ: Àti "dúró" àti "lọ"?

KÁFÍŃTÀ: Àwọn méjèèjì ni.

Onídìrí wo Tíṣà. Tíṣà ń ṣíwèé, ó ń ṣí i, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó gbé méjèèjì.

8.

Káfíńtà dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó:

My wife

Ó dúró.

TÍṢÀ: "My wife" kí ni, sà?

KÁFÍŃTÀ: Kò tíì sọ̀rọ̀. Mò ń retí ẹ̀.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Onídìrí. Ó dìde, ó la ẹnu…