Ajílẹ̀ Òwúrọ̀ Òtútù

Nígbà tí òjò dídì yọ́ kúrò lórí oko, àlìkámà Motrya yọjú, ó pupa rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà ń bá jà. Kò sì sẹ́ni tó lè pè wá wò ó. Panas ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà ìkórè. Lesya, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Póláǹdì, ó sì ti bá ìyá rẹ̀ ṣàdéhùn lórí fóònù: bí oko bá kùnà lọ́dún yìí, kí ó fi ilẹ̀ háyà fún àwọn olóko ńlá, kí ó ta màlúù, kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Motrya ní ó dáa. Àdéhùn yẹn ló wá ń já a láyà.

Yukhym, àgbàlagbà aládùúgbò tó máa ń wá gba wàrà, fi ọ̀bẹ hú ilẹ̀, ó fa pòròpórò tó wà nínú ìgbẹ́ màlúù jáde. Kò tíì jẹrà rárá.

"Ìyá Lesya, ìgbẹ́ màlúù tútù lo dà sóko yìí?"

"Òkìtì àtijọ́ tó ti jẹrà ló tán, bàbá. Èyí tí mo rí ni mo lò."

"O sì ṣe bí ẹni ṣiṣẹ́. Pòròpórò yìí àti àlìkámà ló jọ ń jẹ oúnjẹ inú ilẹ̀, pòròpórò ló sì yára lọ́wọ́ jù. Ìgbẹ́ nìkan ò lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Fọ́n ajílẹ̀ náítírójìn lé e kí ilẹ̀ tó dẹ̀. Bí oòrùn bá fi lè ràn, ẹrẹ̀ á gbé ìwọ àti àpò mì."

Ó ní òun ì bá ràn án lọ́wọ́, orúnkún òun ni ò gbà.

Ní òwúrọ̀ kùtù, tí òtútù ṣì mú ilẹ̀ le bí òkúta, Motrya gbé bàsíà kọ́ ọrùn, ó ń fọ́n wóró funfun ajílẹ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Nígbà ayé Panas, ẹnì kan nínú wọn a dúró lópin oko, ẹnì kejì a máa fọ́n bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ìlà má baà wọ́. Lónìí, igi ló rì mọ́lẹ̀ dípò ènìyàn, ìkùukùu sì bò ó. Ó ké pé, "Ṣé mo tọ́?" kí ó tó rántí pé igi ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí oko fi dúdú minimini, àfi ìlà pupa kan láàárín tí ajílẹ̀ ò kàn, láti òpin dé òpin, tí èrò ojú títì lè rí. Yukhym wò ó títí, ó béèrè ẹni tó bá a dúró lópin oko. Motrya gbé wàrà rẹ̀ fún un.

Lálẹ́, Lesya pè, ó ní oko ńkọ́.

"Ó ti dúdú. Mi ò ní wá mọ́."

"Ó dáa, Màámi. Wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́."

Motrya ti ń retí kí ọmọ náà bá òun jiyàn díẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú garawa, ó lọ fún wàrà.