Ọjọ́ Ìgbéyàwó Lójú Ẹ̀rọ

Ẹni bá ń wá Ìyá Kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà, abẹ́ tábìlì ni yóò ti bá a, tó ń fa wáyà yọ, tó tún ń tì wọ́n padà. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ pé àwọn ọmọ máa fi àwọn ẹ̀rọ náà ṣèdánwò lọ́sàn-án. Bí wọn ò bá ṣiṣẹ́, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún kì í le. Kọ̀ǹpútà àgbà kan wà ní igun yàrá tó ń fún àwọn yòókù ní àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀. Èyí tó bá jí á tọrọ tirẹ̀, á fi bá àgbà sọ̀rọ̀, gbogbo ètò tó nílò á sì wọlé sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lánàá, wọ́n gbọ́ràn bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Lónìí, wọ́n gba àdírẹ́sì tán, wọ́n dúró gbagidi, wọn ò rí àgbà kankan.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó kan gbogbo tábìlì yàrá náà, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo aago.

“Ṣé kí n bá ọ di nǹkan mú?”

“Ẹ bá mi di ẹnu yín mú.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà ì bá rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ ni ò balẹ̀. Ó ti pa àgbà, ó ti tún un tàn, pàbó ló já sí. Ìgbà tó wá fara balẹ̀ ka nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ kan, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Àgbà kì í pín irú nọ́ńbà yìí. Mẹ́rìnlá, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́jọ: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni, òní gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣe àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn, nítorí ọdọọdún ni ọkọ rẹ̀ ń gbàgbé ọjọ́ náà.

Ó tọ wáyà kan tí kò mọ̀ rí lọ títí dé ẹ̀yìn àga ọkọ rẹ̀. Àpótí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ló wà níbẹ̀, tó ń ṣẹ́jú, tó ń pín àdírẹ́sì tirẹ̀ kiri ṣáájú àgbà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

“Káfíńtà! Ta ló ní kí ẹ gbé eléyìí wá?”

“Ìwọ lo ń ráhùn pé fóònù kì í gbọ́ dáadáa níbí. Mo sì rí ihò wáyà kan tó ṣófo lára ògiri, mo ti wáyà bọ̀ ọ́. Ṣé káfíńtà máa ń rí ihò kó má dí i ni?”

Ìyàwó rẹ̀ fa wáyà náà yọ, ó pa àpótí, ó tún àwọn ẹ̀rọ tàn. Ọ̀kan rí àgbà, èkejì tẹ̀ lé e, títí gbogbo yàrá fi ń kùn. Ara tu ìyá wàyí, ẹnu rẹ̀ sì là.

“Láti àárọ̀ ni ọjọ́ ìgbéyàwó wa ti wà lójú gbogbo ẹ̀rọ yìí. Ẹ jókòó tì í, ẹ ò dá a mọ̀. Ẹ tún ti gbàgbé!”

Kí ọkọ rẹ̀ tó dáhùn, fóònù ọwọ́ rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin wọn tó wà lọ́nà jíjìn ni, ojú rẹ̀ ń hàn, ohùn rẹ̀ ń já.

“N ò gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí,” ọkùnrin náà ní. “Èmi ni mo ní kó pè wá, kó bá mi kí ọ. Torí mi ò fẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa já ni mo ṣe gbé àpótí wá.”

Ìyá Kọ̀ǹpútà wo àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Wọn ò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n gbé fóònù jáde sínú oòrùn, níbi tí ohùn ọmọ wọn ti já geere.