Ajá Tí Ń Jẹ́ Wọ́ntúndé

"Wọ́ntúndé! Wọ́ntúndé o! Gbé e wá!"

Martha ti pariwo títí, ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Felele ló dúró sí, níbi tí ilé parí sí tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì ń pe ajá rẹ̀ tó wọ inú koríko lọ wá òkú àparò kan tí òun jù síbẹ̀. Kò mọ̀ pé lọ́rì tó ti Kàbà bọ̀ ti já èrò kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yíjú padà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn ajá, tòun ti ẹrù lórí àti agboòrùn lábẹ́ apá.

"Ọ̀kun o, ìyàwó," ni màmá wí.

Martha kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ọ̀kun o, Ìyá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ewu kò sí. Ta ni o ń ké pé wọ́n tún dé?"

Kí Martha tó fèsì, abo ajá pupa kan elétí gbọọrọ sáré jáde láti inú koríko, ó gbé àparò náà sẹ́nu, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ajá ni, Ìyá," ni Martha wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Màmá wo ajá náà láti orí dé ìrù. "Ìgbà wo ni wọ́n bí i?"

"Èṣí ni, Ìyá. Nígbà ọyẹ́."

"Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi wá kí yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó dáa náà."

Martha na ọwọ́ láti gba ẹrù, màmá kò fún un. Ó kàn fọwọ́ pa orí Fẹ́mi tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ orúkọ náà ṣe jẹ́ nìyí. Alfred, ọkọ Martha, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí òmìnira ku díẹ̀, òyìnbó ọlọ́kọ̀ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ fi ajá kan sílẹ̀ fún un, ajá elétí gbọọrọ tó máa ń gbọ́ òórùn ẹyẹ láti òkèèrè. Tọkọtaya náà jẹ́ kí ó gun abo ajá ọdẹ kan tí wọ́n rà lábúlé Obajana. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní imú ajá òyìnbó, wọ́n sì ní agídí ajá ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ajá ti wọ àwọn méjèèjì lára. Alfred ló ń kọ́ wọn láti wá ẹyẹ, kí wọ́n sì dúró gbagidi bí wọ́n bá ti rí i títí ìbọn yóò fi dún. Martha ló ń kọ́ wọn láti gbé ẹyẹ wá láìfi eyín kàn án. Ẹyin adìẹ tútù ló máa ń fi sí wọn lẹ́nu kí wọ́n gbé e yí ilé ká. Èyí tó bá gbé e dé láìfọ́, Martha á jó fún un níwájú gbogbo àwọn ará ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí abo ajá pupa yìí gan-an ni màmá àti àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì, ìgbà kẹta láàárín oṣù díẹ̀. Alfred, tó gbé ọmọ ajá náà lọ́wọ́, yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Wọ́n tún dé!" Martha rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí orúkọ ṣe mọ́ ajá lórí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun màmá, kò sì lè wọ lọ́rì mọ́ títí di ọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òun àti orúkọ náà yóò pàdé, pàápàá jù lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje àwọn ajá ẹyẹ. Ọdún méjì tó tẹ̀léra ni ajá Lìádì, oníṣòwò kan ní Old Market, ti gba ife ẹ̀yẹ mọ́ Alfred àti Martha lọ́wọ́. Wọ́ntúndé nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Nígbà tí Alfred ti ibi iṣẹ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kìn-ín-ní ni màmá bi í pé:

"Bámiṣayé, ta ló sọ ajá yẹn lórúkọ?"

Alfred jẹ iyán náà, ó jẹ ẹ́, bí ẹni tó ń jẹ egungun. Ó mu omi. "Ìyá, orúkọ ajá lásán ni."

"N kò bi ọ́ bóyá orúkọ ènìyàn ni. Ta ló sọ ọ́?"

Alfred tún bu iyán. Martha wò ó. Kò gbójú sókè.

"Mo ti gbọ́," ni màmá wí. Ó kọjú sí Martha. "Ìyàwó, o ṣeun. Bí mo bá dé Kàbà, n ó sọ fún wọn pé ìyàwó wa ti fi mí sọ ajá lórúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú ni n ó padà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Martha ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ọgbà ajá.

"Bàbá Fẹ́mi, ṣé ẹnu mi ni orúkọ yẹn ti jáde?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dákẹ́ tí ẹ ń jẹ iyán?"

"Ṣebí ìwọ náà rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín. N kò sọ pé n kò rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kí n sọ pé mo rẹ́rìn-ín, kí wọ́n bínú sí àwa méjèèjì."

"N ó sọ ọ́. Jẹ́ kí ìdíje kọjá ná. O mọ Ìyá, bí wọ́n bá bínú, gbogbo Felele ló máa gbọ́." Alfred họ orí. "Ká kàn yí orúkọ ajá padà."

Wọ́n yí i sí Àdùn. Alfred pè é pé, "Àdùn! Àdùn!" Ajá náà bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Martha fi ẹran hàn án, ó ní, "Àdùn, gbà." Ó jẹ ẹran tán, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sùn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, méjì nínú àwọn ajá yòókù ti ń jẹ́ Àdùn, èyí tí wọ́n ń wá kò dáhùn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Martha, kó tó rántí pé òun ń bínú.

"N kò ní pè é lọ́la," ó wí. "N kò ní dúró láàárín èrò kí n máa ké orúkọ yẹn mọ́ ìyá yín lórí. Àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ òótọ́."

"Ìyá ò ní lọ síbẹ̀."

Ṣùgbọ́n Ìyá lọ. Òun ló kọ́kọ́ wé gèlè láàárọ̀ Sátidé. "N kò ní jókòó sílé," ó ní, "kí ajá tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ máa gba ẹ̀bùn lẹ́yìn mi."

Èrò ti pé sí pápá nígbà tí wọ́n dé: àwọn ọdẹ Ẹ̀bìrà àti Nupé, àwọn akọ̀wé ìjọba, àwọn oníṣòwò, oníkálukú pẹ̀lú ajá tirẹ̀. Yàkúbù, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni adájọ́. Òfin rẹ̀ kò le: kí ajá rí ẹyẹ, kó dúró de ìbọn, kó sì gbé ẹyẹ náà wá sọ́wọ́ olúwa rẹ̀ láìbà á jẹ́.

Ajá Lìádì yára bí iná. Ó ti gbé ẹyẹ dé kí èéfín ìbọn tó tán. Yàkúbù yí ẹyẹ náà síwá sẹ́yìn, ó rí ojú eyín kékeré méjì láyà rẹ̀. "To, ó dára," ó wí. Nínú gbogbo èyí tó ti rí láàárọ̀ náà, kò tíì sí èyí tó sàn jù ú lọ. Lìádì ju fìlà sókè.

Ó kan Wọ́ntúndé. Ó fi imú tọ ilẹ̀ lọ, ó yà sọ́tùn-ún, ó dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè, ìrù rẹ̀ nà tàntàn. Àparò fò. Ìbọn Alfred dún. Ẹyẹ náà já bọ́ sí òdìkejì odò kékeré kan. Ajá náà lúwẹ̀ẹ́ kọjá, ó wọ inú koríko, ó sì jáde sí etí omi pẹ̀lú ẹyẹ lẹ́nu. Níbẹ̀ ló jókòó sí. Bí Martha ṣe kọ́ ọ nìyẹn: bó bá gbé ẹyẹ dé etí omi, kó jókòó de ìpè, nítorí ọ̀nì inú odò Ọya.

"Ẹ pe ajá yín," ni Yàkúbù wí.

Martha lanu. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì pa ẹnu dé. Alfred ké pé, "Wọ́ntúndé!" Ajá náà ju ìrù, kò dìde. Ohùn Alfred ló fi ń mọ̀ pé kí òun dúró. Bó ti ń pè é sí i ló ń jókòó dáadáa sí i.

"Ìyá Fẹ́mi, jọ̀ọ́."

"Ẹ mọ ohun tí mo sọ."

Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alfred wo ajá, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé ìbọn fún Yàkúbù, ó rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ìyá, èmi ni. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì, èmi ni mo sọ pé wọ́n tún dé. Ọwọ́ Martha kò sí níbẹ̀."

"Mo rẹ́rìn-ín sí i, Ìyá," ni Martha wí lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà ti kúnlẹ̀.

Màmá wo ọmọ rẹ̀ nínú eruku. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Martha rò pé ẹkún ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó jẹ́ kó fi etí gèlè nu ojú.

"Dìde, Bámiṣayé. Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti mọ̀. Ohun tí bàbá rẹ máa ń sọ gan-an nìyẹn bí ìyá tèmi bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo kàn ń wò ó bóyá wàá jẹ́ kí ìyàwó rẹ ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá ni." Ó kọjú sí Martha. "Ìyàwó, pe ajá rẹ. Oòrùn ń pa á."

Martha lanu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan ló jáde. Ni màmá bá dìde lórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Wọ́ntúndé! Wọ́ntúndé o! Máa bọ̀!" Ohùn Martha dìde, ó pàdé tirẹ̀. Ajá náà bọ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá, ó sì gbé ẹyẹ náà lé Martha lọ́wọ́.

Yàkúbù na apá ẹyẹ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Kò rí ojú eyín kankan.

"Ajá tó gbé ẹyẹ sẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń parí ẹjọ́ ilé yín, tí kò sì fi eyín kàn án," ó wí. "Lìádì, ìwọ náà wí."

Lìádì mi orí, ó wá di ọwọ́ Alfred mú. "Wàláì, ẹ gba ife yín. Ṣùgbọ́n bó bá bímọ, ẹ ó fún mi ní ọ̀kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Martha bá màmá níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ìyá, ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?"

"Bínú kẹ̀? Mo ní Àìkú, Àìkú sì ló dé." Màmá fa okùn le. "Ẹ̀yin ọmọ rò pé mo fẹ́ràn lọ́rì. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, bí mo bá jí ní Kàbà, àwọn adìẹ nìkan ni mo máa ń kí. Ìdí tí mo fi ń wá nìyẹn."

Martha jókòó sórí ẹní, ó fa ẹrù náà sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

"Ẹ má lọ, Ìyá. Kì í ṣe bí àlejò ni mo ń wí. Ẹ máa bá wa gbé. Yàrá wo lẹ fẹ́?"

Màmá wo okùn tó ń tú. Níta, Alfred ń pe àwọn ajá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbó.

"Èyí tó sún mọ́ ibi ìdáná," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo tọ́ oúnjẹ àwọn ajá yẹn wò lánàá. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù."